Àrokò: Ohun Tí A Dì fún Ẹni Tí Yóò Tú U

Kọ ọ̀rọ̀ méjì yìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àrokò, àròkọ. Bí ẹni tó kọ wọ́n kò bá fi àmì sí i, ọ̀kan náà ni wọn yóò jẹ́ lójú. Ohùn orí ro, ohùn orí o tó gbẹ̀yìn àti àmì kan lábẹ́ o yẹn ló yà wọ́n. Èkejì ni olùkọ́ ń ní kí ọmọ ilé-ìwé jókòó kọ, ojú ewé kan ààbọ̀ lórí ọjọ́ tí kò lè gbàgbé. Èkíní kò nílò bírò, kò nílò bébà. Ẹni tó fẹ́ pa á yóò wá ìyẹ́ ẹyẹ, tàbí owó ẹyọ, tàbí èédú, yóò fi okùn dì wọ́n pọ̀, yóò sì fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ lè rìn láti Ìjẹ̀bú dé Èkó kó má mọ ohun tó gbé dání.

Àròkọ kò ṣòro láti tú: à, rò, kọ. Ohun tí a rò kí a tó kọ ọ́. (Bóyá a rò ó lóòótọ́ ni, ìyẹn wà lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń máàkì í.) Àrokò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tú u sábà máa ń sọ pé rò kan náà ló wà nínú rẹ̀, àti kò, irú èyí tó wà nínú "mo kò ó lọ́nà", tí gbogbo rẹ̀ wá já sí ohun tí ènìyàn kò tó sì ní láti rò. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a mu tán. Ohùn ìsàlẹ̀ ni rò ní. Àárín ni ro inú àrokò wà. Bí a bá ń wá ibi tí rò ti gòkè bọ́ sí àárín, inú rojọ́ ni a ó ti bá a: ro ẹjọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e. Rò tó sì wà nínú rojọ́, kì í ṣe ti ká jókòó ká fọwọ́ lẹ́rán. Sísọ ni. Ẹni tó ń rojọ́ ń sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ẹni tí yóò dá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni rò inú ròyìn. Nígbà tí Yorùbá bá rò báyìí, etí kan wà níbì kan tó ń dúró de ohun tó rò.

Ẹ jẹ́ ká fi kò sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kí wọ́n máa fà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń tú àṣírí ara rẹ̀ jù lójú mi ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá rìn. A kì í kọ àrokò, a kì í ṣe àrokò. A ń pa á ni. Pa yìí la fi ń pòwe, òun la fi ń pàlọ́, òun la fi ń pìtàn. Gbogbo ohun tí a ń pa lọ́nà yìí ló ní ẹnì kejì. Apàlọ́ yóò ní "Ààlọ́ o!", kò sì ní lè tẹ̀ síwájú àfi tí ẹnìkan bá dá a lóhùn. Ẹni tó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí tó ń pàlọ́ fún ara rẹ̀ ní òun nìkan, àwọn ará ilé yóò ránṣẹ́ pe ẹbí.

Ohun tí ẹnìkan bá sì pa, ẹlòmíràn ni yóò tú u. Tú yìí kì í ṣe ẹwà ẹnu lásán nínú ọ̀rọ̀ àrokò, nítorí ohun tí a fi okùn dì ni. Ẹni tó gbà á yóò kọ́kọ́ tú okùn, kó tó tú ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni túmọ̀ ti jáde: tú u, kí o mọ̀. A ń dárúkọ ìtumọ̀ ní kíláàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kóòtù, kò sí ẹni tó ń rí okùn nínú rẹ̀ mọ́. Àlàyé náà ń bẹ níbẹ̀: là á, kó yé. Igi ìdáná la ń là bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún òye, ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó kàn jókòó sínú orí.

Nínú gbogbo àrokò, ti owó ẹyọ ni ìtàn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹyọ méjì tí a so kí wọ́n kọjú síra: ọ̀rẹ́ ni wá, ó wù mí kí n rí ọ. Méjì tí a so kí wọ́n kẹ̀yìn síra: ohun tó wà láàrin wa ti bàjẹ́. Títí dé ibí yìí, àlejò tí kò gbọ́ èdè wa lè fura. Ó yá, fi mẹ́fà ránṣẹ́. Ẹ̀fà ni, fífà sì wà lẹ́nu ẹ̀fà. Ọkàn mi fà sí ọ. Fi mẹ́jọ ránṣẹ́: ẹ̀jọ. Ohun tí o wí àti ohun tó wà nínú mi jọ, a ti fohùn ṣọ̀kan. Àlejò tó gba ẹyọ mẹ́fà yìí, owó ọbẹ̀ ló rí gbà. Ojú ni a fi ń wo ẹyọ, ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń kà á, ẹnu tó sì gbọ́ Yorùbá ni. Nítorí náà ni mi ò ṣe gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àrokò ni àwọn tí kò mọ̀wé fi ń gbé ìgbé ayé kí ìwé tó dé. Ẹni tó ń fi ẹ̀fà sọ fífà ti kúrò ní yíya àwòrán ohun. Ó ti ń fi ohùn ọ̀rọ̀ kan gbé òmíràn. Ìdí ìwé kíkọ gan-an nìyẹn ní ibi púpọ̀ láyé, ní Íjíbítì àtijọ́ pàápàá.

Gbogbo àrokò kọ́ ni ti ìfẹ́. Ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá gbé igbá òfìfo tí a dé tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú Aláàfin, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé. Kábíyèsí mọ̀ pé wọ́n ti kọ òun, àti pé ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ́ bá òun lórí ìtẹ́. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi àrokò kọ́ àwọn ọmọdé bí eré ìdárayá, igbá yẹn ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ wá láti ọwọ́ ẹrú ogun. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1851, ọmọ ogun Dàhọ̀mì, tọkùnrin tobìnrin, kọlu Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ṣùgbọ́n wọ́n mú ọkùnrin kan lọ, ọ̀kan nínú àwọn onígbàgbọ́ tó jáde lọ jà fún ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ń retí, kò gbúròó. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹrù kékeré kan lé e lọ́wọ́: òkúta kan tí ènìyàn lè ṣà ní títì, èédú, ata, àgbàdo tó ti gbẹ, àti àkísà. Gollmer, òjíṣẹ́ ìhìnrere láti ẹgbẹ́ CMS tó ti gbé Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, ló ròyìn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ nípa àrokò, èyí tí ìwé àjọ Anthropological Institute ní Lọ́ńdọ̀nù gbé jáde ní 1885. Ìtumọ̀ tó fún un ni pé ara ọkọ le bí òkúta, ohun tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ṣókùnkùn bí èédú, ọkàn rẹ̀ ń gbóná bí ata, ìyà ti mú un gbẹ bí àgbàdo, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ti di àkísà.

Gollmer fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbé e padà sínú Yorùbá kí o wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Kí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà? Ṣé ara le? Ara le, a dúpẹ́. Òkúta ló kọ́kọ́ jáde nínú ìròyìn náà, òkúta sì le. Nínú ọgbà ẹrú ní Dàhọ̀mì, ó kí ìyàwó rẹ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Lẹ́yìn náà ni dúdú èédú, títa ata, gbígbẹ àgbàdo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣòro fún obìnrin yẹn láti tú, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹrù tó dé. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ Dàhọ̀mì bá yẹ ẹrù náà wò, kí ni wọn yóò rí? Ìdọ̀tí ilé ìdáná ni.

Ní 1887, ìwé àjọ yẹn kan náà gbé àrokò mìíràn tó wá láti Ìjẹ̀bú jáde, G. W. Bloxam ló sọ ìtumọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn àrokò wà lónìí ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford pẹ̀lú. Ohun tí àwọn Òyìnbó yìí ṣe ni pé wọ́n gbé ohun tí a dì sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn wò ó, wọ́n sì kọ ohun tó túmọ̀ sí sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wọn. Ó ti tó 350 ọdún tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe irú rẹ̀ sínú ìwé.

Ní 1531, ní ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì, Heinrich Steyner tẹ ìwé kékeré kan tí Andrea Alciato, amòfin ará Ítálì, fi èdè Látìnì kọ. Ewì kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Steyner ni kí wọ́n fi àwòrán tí a gbẹ́ sára pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ewì, kò sì dúró gba àṣẹ lẹ́nu oníwèé. Inú Alciato kò dùn sí i. Ní 1534 ni wọ́n tún un tẹ̀ ní Paris lọ́dọ̀ Chrestien Wechel, èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti ibẹ̀ ni irú ìwé náà ti gba gbogbo Yúróòpù kan: Geffrey Whitney kó ti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Leiden ní 1586, àwọn mìíràn jáde ní Faransé, ní Spain, ní Netherlands. Bí ojú ewé ṣe rí nìyí: gbólóhùn kúkúrú lókè, bí òwe, àwòrán láàrin, ewì tó tú u nísàlẹ̀. Ọ̀kan wà nínú ti Alciato tí kò ní ṣòro fún ọmọ Ọ̀rẹ̀, ní agbègbè wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti lóye: àṣíborí jagunjagun tó ṣubú sílẹ̀, tí kòkòrò oyin wá fi ṣe ilé. Gbólóhùn orí rẹ̀ ń sọ pé inú ogun ni àlàáfíà ti jáde. Ìlú tí ìjà ogun abẹ́lé 1967 sọ di òwe lẹ́nu gbogbo Yorùbá mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Alciato pe ohun tó kọ ní *emblema*. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, inú rẹ̀ sì ni jíjù wà: ohun tí a jù sínú nǹkan, tí a fi há a lára, bí òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ààfin tàbí ọ̀ṣọ́ fàdákà tí wọ́n ń dè mọ́ ara ife. Ọ̀ṣọ́ ni, ohun tí ènìyàn lè yọ kó tún lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà nínú èdè yẹn kan náà, *symbolon*, èyí tó súnmọ́ wa jù. Nígbà àtijọ́ ní Gíríìsì, ẹni méjì tó bá dá májẹ̀mú yóò fọ́ ohun kan sí méjì, kálukú yóò mú ìdajì lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá dé, tàbí tó bá rán ọmọ rẹ̀ wá, wọn yóò kó méjèèjì jọ wò bóyá wọ́n ṣe rẹ́gí. Ìdajì kan ṣoṣo kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àrokò jẹ́ ọmọ ìyá *symbolon*. *Emblema* jẹ́ ará àdúgbò.

Wàyí o, ẹni tó ń ra ìwé Alciato ní ayé òde òní kì í rà á nítorí ewì inú rẹ̀. Ó ń rà á nítorí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, nítorí bí àwòrán pákó náà ṣe mọ́, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí awọ tí a fi dì í. Ìwé náà kéré, ó wọ àpò. Awọ ara rẹ̀ lè jẹ́ pupa tàbí dúdú bí kọfí, pẹ̀lú ìlà wúrà tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sí i lára, igun mẹ́rin tí ewé àti òdòdó wà, àmì oníwèé láàrin. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Jean Grolier, ará Faransé, ń jẹ́ kí wọ́n fi wúrà tẹ̀ ẹ́ sára ìwé rẹ̀ pé ti Grolier àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ìwé rẹ̀ ní ẹnì kejì, kódà kó jẹ́ lórí awọ nìkan.

Awọ ọ̀hún, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń wá jù. Òyìnbó ń pè é ní awọ Mòrókò, àmọ́ ibi tí wọ́n ti rà á ni orúkọ yẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tí ewúrẹ́ ti jẹko. Púpọ̀ nínú awọ pupa tó ń gba àríwá Áfíríkà dé ọwọ́ wọn, Kánò àti Sókótó ni wọ́n ti ṣe é tó fi pupa, ràkúnmí sì rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Heinrich Barth wà ní Kánò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà 1851, oṣù tí ogun Dàhọ̀mì dé Abẹ́òkúta gan-an, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé awọ wà lára ẹrù tó ń ti ibẹ̀ lọ sí àríwá. Ní 1901, nígbà tí Douglas Cockerell kọ ìwé tó fi kọ́ àwọn ará Ìlú Ọba bí wọ́n ṣe ń di ìwé, lára awọ tó yìn níbẹ̀ ni èyí tó pè ní Niger, awọ ewúrẹ́ tó ń ti apá ibí yìí lọ. Èyí kò ní ya àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá ti rí làbà Ṣàngó, àpò awọ pupa tí àwọn oníṣàngó ń lò, tí wọ́n fi awọ gé ọnà sí lára, ti rí awọ tó ń sọ̀rọ̀ láìsí ìwé nínú rẹ̀.

Ẹni tó kó irú ìwé àwòrán wọ̀nyí jọ jù ní Ìlú Ọba ni William Stirling Maxwell, ọmọ Skọ́tílándì, tí wọ́n bí ní 1818 tó sì kú ní 1878. Nǹkan bí 2,000 ìdìpọ̀ ìwé rẹ̀ ló wà ní Yunifásítì Glasgow. 1958 ni wọ́n débẹ̀. Òun náà fẹ́ràn kí wọ́n tẹ àmì ìdílé rẹ̀ sára awọ. Archibald Stirling bàbá rẹ̀ ní oko ìrèké ní Jàmáíkà, ẹrú ló sì ń ro oko náà. Ní 1847 ni bàbá kú tí ọmọ jogún rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ẹwà àwọn ìwé ní Glasgow, ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ọkùnrin tó fi òkúta kí ilé láti Dàhọ̀mì, bí wọ́n bá ti mú un ní 50 ọdún ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oko ìrèké bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá tà á fún, kò sì sí ẹni tí ì bá gbé ẹrù kékeré rẹ̀ kọjá òkun.

Ìwé Glasgow kò nílò ẹni tí a dì í fún. Ibi tí ó yàtọ̀ sí àrokò pátápátá nìyẹn. Oníwèé ti pa á, ó ti tú u, ó kọ pípa àti títú sí ojú ewé kan náà, ó sì fi awọ dì í. Ẹnikẹ́ni tó mọ Látìnì lè kà á ní ọ̀rúndún èyíkéyìí. Àmọ́ bí o bá gbé ẹyọ mẹ́fà tó wà nínú gíláàsì fún mi láìsí ìwé pélébé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ mẹ́fà ni. Ta ló ránṣẹ́? Ta la ránṣẹ́ sí? Ọkùnrin tó ń tọrọ ìyàwó ni, àbí balógun tó ń wá alájọṣe? Nítorí náà ni mi ò fi lè bínú sí Gollmer àti Bloxam bí àwọn kan ṣe ń bínú sí wọn. Bí wọ́n bá ti kó okùn nìkan lọ, ohun tí wọn ì bá ní ni okùn. Wọ́n bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Láìmọ̀, wọ́n sọ àrokò di *emblema*: ohun náà lókè, ìtumọ̀ nísàlẹ̀, kí àjèjì lè kà á. Ohun tí àrokò pàdánù níbẹ̀ ni pé kò ní ẹnì kan pàtó mọ́.

Ní Àbómè, olú-ìlú Dàhọ̀mì tí wọ́n mú ọkùnrin Ẹ̀gbá yẹn lọ, àwọn ọba fúnra wọn ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Orúkọ oyè ọba kọ̀ọ̀kan jáde láti inú gbólóhùn kan, gbólóhùn náà sì ní àwòrán: kìnnìún fún Glèlè, ẹja ekurá àti ẹyin fún Béhanzin. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri ààfin, wọ́n rán an mọ́ aṣọ, kí ará ìlú àti àlejò lè rí i. Àmì fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, bí ti Alciato. Nígbà tí ọba bá fẹ́ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀pá tí ìránṣẹ́ ń gbé dání.

Ní agbègbè wa, àrokò ti kú tán, kí a má parọ́. Fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní Omifunfun tó fẹ́ sọ pé ọkàn òun fà sí ẹnìkan ní Ọ̀rẹ̀ yóò fi ọkàn pupa ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò sì ní ka ẹyọ kankan. Ohun tó ṣẹ́kù tó sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni àbúrò rẹ̀, ààlè. Ẹni tó bá rin ọ̀nà oko láti Omifunfun dé Òdìgbò yóò rí i: aṣọ pupa lórí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ṣúkù àgbàdo tí wọ́n ti he ọkà inú rẹ̀ tán tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka kòkó, ìkarahun ìgbín òfìfo, ìdajì ọwọ̀, bàtà tó ti ya. Gbogbo rẹ̀ ni ohun tó ti tán. Olè tó bá fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí yóò dà bí ṣúkù tí kò ní ọkà mọ́. David Doris, ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lórí ààlè ní 2011, ó sì ṣe dáadáa láti rí i pé ohun tí a ti jù nù ni agbára rẹ̀ ti wá. Bí ènìyàn bá fi ohun iyebíye ṣe ààlè, olè yóò kọ́kọ́ jí ààlè.

Ààlè yàtọ̀ sí àrokò níbi kan. Kò sí ẹnì kan pàtó tí a fi ránṣẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un ni. Ní ayé àtijọ́ èyí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń kọjá mọ ohun tí ìkarahun ń wí. Ṣùgbọ́n oko kòkó àti iṣẹ́ gẹdú ti kó gbogbo ayé wá síbí. Àwọn Ìgbìrà wà níbí, àwọn Tífì wà, àwọn ará Tógò àti Bìní náà wà, yàtọ̀ sí Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti àwọn tó ti Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ wá dáko. Nínú gẹdú, ìjọba ti yanjú tirẹ̀: òòlù tí wọ́n ń fi lu àmì oníṣẹ́ sí ìdí igi, ẹni tó bá rí i mọ ẹni tó ni ín. Lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí òòlù.

Mo rí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí Omifunfun, tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọjà Ọ̀rẹ̀. Aṣọ pupa wà lórí rẹ̀, ìkarahun ìgbín méjì sì so mọ́ ọn. Wọ́n ti kan ègé pákó mọ́ igi kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi èédú kọ ìkìlọ̀ sí i lára, Yorùbá tí kò ní àmì kankan. Ẹlòmíràn, ìkọ̀wé rẹ̀ yàtọ̀, ti fi pijin kọ ọ̀rọ̀ kan náà sábẹ́ rẹ̀. Mo bi ìyá tó jókòó ti ẹrù náà pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́ nígbà tí ìkarahun ti wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, àwọn kan ń bọ̀ tí wọ́n rò pé a gbàgbé ìgbín síbẹ̀ ni," ni ìyá dáhùn. "Ìjọsí ni ọmọdékùnrin kan bi mí pé èló ni mò ń tà á."